Ẹ̀jẹ̀ nìkan ò lè dá ẹjọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ẹ ní fọ́tò àyà tí wọ́n yà ní Òṣogbo fi kókó kan hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn, pé dókítà ti kọ CEA, CYFRA 21-1 àti NSE, àyẹ̀wò mẹ́ta tó ń wá àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ sì ń bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ yẹn á tó, kí wọ́n má baà ki abẹ́rẹ́ bọ àyà wọn láti gé ẹran kókó náà wò. Kò lè tó.

Ohun tó lè gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè láìsí jẹjẹrẹ pọ̀. CEA a máa ga lára amusìgá, a sì máa ga bí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa ń gbé CYFRA sókè. Itọ́ tó bá ta sínú túùbù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. NSE ló ń yọni lẹ́nu jù. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa gan-an ló wà, nítorí náà bí ẹ̀jẹ̀ bá ti fọ́, èsì á fò sókè, ẹ̀rù á sì ba gbogbo ilé lásán. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, fífi agbára fa sírínjì, mímì í jìgìjìgì, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́ ọ. Kí wọ́n yí i nínú ẹ̀rọ tó ń ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín wákàtí kan, kí iná má sì lọ lé e lórí. Bí omi tó lé sókè bá pọ́n bí zóbò, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n gba òmíràn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá DNA tí kókó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá àyípadà nínú jíìnì bíi EGFR, kí dókítà lè mọ̀ bóyá oògùn oníhóró bí osimertinib á ṣiṣẹ́. Ọdún 2016 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀. Túùbù ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ inú túùbù EDTA, ọlọ́mọrí àlùkò, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ kí wọ́n tó yí i. Bó bá pẹ́, sẹ́ẹ̀lì funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, DNA tiwọn á sì bo ti jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀. Mọ́tò tó ń dúró de èrò ní gáréèjì ti tó láti bà á jẹ́ kó tó kúrò ní Òṣogbo. Túùbù Streck, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè tú, ni kí ẹ béèrè fún, ó ń lo ọjọ́ 14 láìsí fíríìjì. Ẹ má gbé e lé yìnyín, àṣìṣe ẹni tó ń ṣe aájò nìyẹn, ẹ má sì fi í sínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Kí 10 mL rẹ̀ pé, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà 10 lójú ẹsẹ̀. Ní láàbù, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yí i: 1,600 g (agbára ìyípo ẹ̀rọ ni g yìí, kì í ṣe gíráàmù) fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n fa omi òkè láì kan ìpele funfun àárín, lẹ́yìn náà 16,000 g fún ìṣẹ́jú 10.

Bí èsì bá jáde pé "a ò rí i", ẹ má kà á sí "kò sí". Kókó kékeré lè má tú DNA tó ẹ̀rọ lè rí. Ẹran tí wọ́n bá gé níbẹ̀ ló máa sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ ti ṣe GeneXpert, àyẹ̀wò tó ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB), sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bàbá? Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fara jọ jẹjẹrẹ lórí fọ́tò, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fún wọn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù 6 lórí fọ́tò nìkan. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, á ti dàgbà kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè yọ. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá mọ́, owó CT, fọ́tò tó ń fi inú ara hàn ní ìpele-ìpele, ni kí ẹ wá ṣáájú owó NSE, torí CT ló máa fi ibi tí abẹ́rẹ́ á gbà han dókítà.