Kámẹ́rà Wo Ló Yára Tó Bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ lóṣù tó kọjá pé ẹ ti fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo bí átọ̀mù inú òkúta òòfà ṣe ń sún láàárín picosecond kan, ìyẹn ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà wo ló yára tó bẹ́ẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kò sí o. Bí o bá ya ọmọ tó ń fò nínú òkùnkùn, fíláàṣì ló ń mú un dúró lójú àwòrán. Fíláàṣì tiwa ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé tíntìntín tó máa ń wà nínú átọ̀mù.

Ìtànṣán lésà kan la máa ń pín sí méjì. Apá kan á lọ gbá òkúta náà, á da inú rẹ̀ rú. Apá kejì á lọ gbá irin kan, á já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lára rẹ̀, a ó sì ta wọ́n gba inú òkúta kọjá. Wọ́n á ya àmì tótòtó sójú gíláàsì lódì kejì. Bí átọ̀mù bá kúrò láyè rẹ̀, àmì kan á ṣá, òmíràn á mọ́lẹ̀ sí i.

Aago wá ńkọ́? Dígí ni! Láàárín picosecond kan, 0.3 mìlímítà péré ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn. Dígí kan wà lójú ọ̀nà apá kejì yẹn. Bí mo bá sún un sẹ́yìn ní 0.15 mìlímítà, àlọ àti àbọ̀ ìmọ́lẹ̀ á di 0.3, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì fi picosecond kan pẹ́ dé. À á yà á, à á sún dígí, à á tún un yà. Nígbà tí mò ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, mo máa ń tẹjú mọ́ dígí yẹn, n kì í rí i pé ó sún rárá. Títí dòní, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé ìwọ̀n gígùn la fi ń ka àkókò.

Òkúta ọ̀hún gan-an ló máa ń fún wa níṣòro. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ tó bí ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè gbà á kọjá. Orí àwọ̀n bàbà tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ la máa ń tẹ́ ẹ sí. Bí mo bá fi ẹ̀mú gbé e, ṣe ni mo máa ń dá èémí dúró.

Magnetite lorúkọ òkúta yìí: irin àti ọ́síjìn ni. Lọ́dún 1939, Verwey, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Netherlands, kọ̀wé pé bí ó bá tutù dé nǹkan bíi 125 kelvin (ìyẹn nǹkan bíi 148 Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì sísàlẹ̀ òdo), agbára rẹ̀ láti gbé iná mànàmáná á já wálẹ̀ lójijì. Lọ́dún 2012 ló hàn pé nínú òtútù yẹn, irin mẹ́ta-mẹ́ta ló ń pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láàárín ara wọn. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ ní Lausanne, ní Siwitsálándì, fi irú fíláàṣì tí mo sọ yìí wò ó nínú òtútù. Lésà tí ojú kò lè rí, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nánómítà 800 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà), tú ètò mẹ́ta-mẹ́ta náà ká níbì kan, ó fi í sílẹ̀ níbòmíràn. Ti nánómítà 400, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, ṣe ló tún mú ètò náà le sí i.