Ṣáàjì POS ń wọlé, ojú owó ń dín: ta ló ń kó o?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe POS. 300,000 náírà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ń gba 100 lórí 5,000, ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ sì ń yọ 25 níbẹ̀. Ilé epo ni mo ti ń ra káàṣì, 1,000 lórí 100,000. Mo ń san 8,000 lóṣù fún ibi tí mo jókòó sí, 15,000 fún ọmọbìnrin tó ń bá mi dúró tì í. Lálẹ́, ṣáàjì tí mo ń kà máa ń tó 4,000, 1,000 péré ni mo sì ń mú níbẹ̀ fún ọbẹ̀. Síbẹ̀ ojú owó mi kò ju 220,000 lọ mọ́. Ṣé ọmọ yìí ló ń jí mi lówó ni? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fura sí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti jókòó ti ìṣirò tí ẹ kọ ránṣẹ́, gbogbo owó tó dín ló ní ibi tó gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká tú 100 náírà kan wò. Ilé-iṣẹ́ yọ 25. Ẹ ra 100,000 ní 1,000, èyí túmọ̀ sí pé 50 ti lọ lórí 5,000 tí ẹ kà fún oníbàárà. Tí ìfowóránṣẹ́ sí ilé epo bá jẹ́ 20, náírà kan tún lọ níbẹ̀. Ó ku 24. Mi ò tíì ka náírà 50 tí ìjọba ń gbà lórí owó tó bá ti tó 10,000 o.

Tí ṣáàjì bá jẹ́ 4,000, ẹ ti san 200,000 jáde lọ́jọ́ náà. Èrè ibẹ̀ jẹ́ 960. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó di 24,960. Ẹ yọ 8,000 àti 15,000, ó ku 1,960, dátà àti bébà ẹ̀rọ á sì gbé ìyẹn mì. Owó ọbẹ̀ yín lóṣù wá jẹ́ 26,000. Láti inú kí ni? Inú ojú owó ni. Ní oṣù mẹ́ta, ó di 78,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 300,000, kí ẹ wo ohun tó kù. Ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́.

Ohun tó fà á ni pé ṣáàjì lẹ̀ ń rí lójú, ṣùgbọ́n 1,000 tí ẹ fi ra káàṣì kì í wọ ìwé yín. Káàṣì gan-an lọjà tí ẹ ń tà, bí ìrẹsì ṣe jẹ́ ọjà oníìrẹsì, iye tí ẹ rà á ló sì ń sọ bóyá ẹ jèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yí owó padà, gbogbo wa rí i: ẹni tó fẹ́ 10,000 lè san 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kò yí padà nígbà yẹn, káàṣì ló wọ́n.

Ẹ má tìtorí èyí fi kún ṣáàjì o, ẹ má sì dín in. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, ATM bánkì ẹni kì í gba kọ́bọ̀, ti bánkì mìíràn tó wà nínú ọgbà bánkì sì ń gba 100 lórí 20,000. 400 lẹ̀yin ń gbà lórí iye yẹn, àwọn èèyàn sì ń wá, torí owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ sí Alágbàká, níbi tí àwọn bánkì wà, àti títò lórí ìlà ni wọ́n ń sá fún.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbájú mọ́ ni àwọn tó ń kó owó *wá*. Ọjà Ọba kò jìnnà sí yín. Ìyá aláta tó fẹ́ fowó tòmátì ránṣẹ́ sí òkè Ọya, alápatà tó fẹ́ san owó màlúù, oní-Márúwà tó fẹ́ fi owó ọjọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀: káàṣì ló kún ọwọ́ wọn nírọ̀lẹ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti gbé e relé. Ọ̀pọ̀ oníPOS ń gba ṣáàjì ńlá lọ́wọ́ wọn bíi ti ẹni tó wá gbowó. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ẹ gba 50 péré lórí 20,000 lọ́wọ́ wọn, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, kí ẹ lọ bá wọn níbi ìsọ̀ wọn tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Tí èèyàn márùn-ún bá kó 20,000 wá, ẹ gba 250. Tí ìfowóránṣẹ́ bá ná yín ní 100, láìka náírà 50 ti ìjọba, ẹ jèrè 150. Ẹ ò tún ní ra 100,000 yẹn nílé epo mọ́, 1,020 padà sápò yín. Èrè ọjọ́ kan yóò kúrò ní 960, yóò di 2,130. Lóṣù, 55,380.

Ẹ kàn kíyè sí ohun kan: tí ẹni tó wá gba káàṣì bá fowó ránṣẹ́ sí yín, aláàtì lásán kò tó, ẹ máa wo báláǹsì lórí ẹ̀rọ kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye tí ẹ fi ra káàṣì sí i lójoojúmọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàjì. Títí tí èrè ọjọ́ kan yóò fi kọjá 2,000, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú owó ọbẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ti kọjá a, ẹ lè máa mú 1,000 yín, ojú owó kò sì ní dín.