Ọkọ̀ Oníná Tòkunbọ̀: Bátìrì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Owó epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù mi tán, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wakọ̀ lọ wo ìyá mi ní Ìlọrin ní ọjọ́ Sátidé. Ẹnì kan fẹ́ ta Nissan Leaf ọdún 2013 fún mi ní owó pọ́ọ́kú, ó ní bátìrì rẹ̀ ń kún dáadáa. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ni mò ń ṣe, bí wọ́n bá sì gbé irú ọkọ̀ yìí wá, bátìrì rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí kò sí ohun tó gbówó lórí tó o nínú ọkọ̀ náà. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀, Nissan kò sì ṣe ètò omi tí yóò máa mú bátìrì àwọn Leaf àtijọ́ tutù. Ní ọdún 2012, àwọn tó ra Leaf ní Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an ní Amẹ́ríkà, ti ń ké pé agbára bátìrì àwọn ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún méjì lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ béèrè ìlú tí wọ́n ti lò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó wá láti ìlú tútù ni mo fara mọ́, kódà bó bá ti rìn jù.

Pé bátìrì kún kò tíì sọ nǹkan kan, korobá kékeré náà máa ń kún. Ẹ tan ọkọ̀ náà, kí ẹ wo apá ọ̀tún ní iwájú awakọ̀. Àwọn ìlà ńlá ń sọ iná tó wà nínú bátìrì lọ́wọ́lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìlà kéékèèké 12 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń sọ bí bátìrì náà ti gbó tó. Ìlà àkọ́kọ́ kì í kú títí bátìrì yóò fi pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 agbára rẹ̀. Bó bá ku ìlà 9, nǹkan bí ìdá 70 ló ṣẹ́kù.

Àwọn kan tilẹ̀ máa ń pa ìrántí kọ̀ǹpútà bátìrì náà rẹ́ kí ìlà 12 lè yọ fún ìgbà díẹ̀, ìwà tó ń dùn mí nítorí owó àgbájọ ni wọ́n fi ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí bátìrì náà kún, kí ẹ wà á lójú títì títí yóò fi dé ìdajì, kí ẹ wá sọ iye kílómítà tó rìn di ìlọ́po méjì. Nígbà tó wà ní tuntun, nǹkan bí 120 kílómítà ló ń rìn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ dán an wò báyìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ìlọrin ló fa ìṣòro. Àlọ nìkan lé ní 50 kílómítà, nítorí náà Leaf oní-ìlà 9 yóò gbé yín débẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbé yín padà láìjẹ́ pé ó gba iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí níbẹ̀. Fún ìrìn àárín ìlú, mo lè gbà yín níyànjú láti ra èyí tó ní ìlà 10 sókè. Bí ẹ kò bá fẹ́ fi ìrìn Ìlọrin sílẹ̀, ẹ tọ́jú owó fún Leaf 2018 tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kWh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), tó ń rìn tó 240 kílómítà ní tuntun. Chevrolet Bolt náà dára, omi sì ń mú bátìrì tirẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pe ti ọdún 2017 sí 2022 padà nítorí pé bátìrì rẹ̀ lè gbiná, ẹ sì gbọdọ̀ rí ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣe àtúnṣe náà.

Ó ku ti ilé yín. Waya ṣájà tó bá àwọn Leaf àtijọ́ wá láti Amẹ́ríkà, iná 120 volt ni wọ́n ṣe é fún, 230 sì ni tiwa. Ọkọ̀ náà gba iná wa, waya náà ni kò gbà á, nítorí náà ẹ ra òmíràn. Ẹ sì pe oníṣẹ́ iná kó wò ó bóyá ilé yín ní waya tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní earthing, nítorí bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ ṣájà kò ní jẹ́ kí iná wọ ọkọ̀ náà rárá.