Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Ni Kóòdù Tó Ń Darí Róbọ́ọ̀tì Wa?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. ROS 2, àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ tí a fi ń kọ́ róbọ́ọ̀tì, àti ros2_control, kóòdù tó ń bá a ṣiṣẹ́ láti darí mọ́tò àti oríkèé, ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń darí apá róbọ́ọ̀tì kan tí a ń kọ́. Olùkọ́ wa kan sọ pé ros2_control ti wọ abẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ OSRA, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ olówó bíi NVIDIA, tó ń ṣe ṣípù kọ̀ǹpútà, ti ń san owó ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀rù ń bà wá. Ṣé wọn kò ti tà á báyìí, tí a ó fi máa sanwó kí a tó lò ó?

Ìdáhùn: Wọn kò tà á, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi yín lówó lórí ohun tí ẹ ti ń lò. Abẹ́ ìwé àṣẹ Apache 2.0 ni kóòdù ros2_control wà, ìwé àṣẹ náà sì fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó, láti tún un ṣe, àní láti fi sínú ọjà tí wọn yóò tà, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti pa orúkọ àwọn tó kọ ọ́ rẹ́. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè gba ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín padà.

Ẹ̀rù yín kò ṣàìnídìí, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bọ̀ fi hàn pé ibòmíràn ni ewu náà wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford ló fi ìpìlẹ̀ ROS, tí ROS 2 tẹ̀lé, lélẹ̀, ilé-iṣẹ́ Willow Garage ní Menlo Park, ní California, ló sì tọ́ ọ dàgbà láti 2007. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló kọ́ PR2, róbọ́ọ̀tì ọlọ́wọ́ méjì tó ń fi táyà rìn, tí wọ́n gbé fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ibùdó ìwádìí 11 ní 2010 láìgba kọ́bọ̀. Láti inú kóòdù tó ń darí oríkèé PR2 ni ros_control ti jáde, òun sì ni ẹ̀gbọ́n èyí tí ẹ ń lò. Nígbà tí 2014 fi bẹ̀rẹ̀, Willow Garage ti kógbá sílé. Ohun tó yọ ROS ni pé wọ́n ti dá OSRF, àjọ tí kì í wá èrè, sílẹ̀ láti 2012, òun ló sì gba ìtọ́jú rẹ̀. Ní ìparí 2022, Intrinsic, ọmọ ilé Alphabet tó ni Google, ra ẹ̀ka OSRF tó ń ṣòwò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹnjiníà tó ń tọ́jú ROS sì bá a lọ. Àyà èmi náà já nígbà yẹn. Àjọ náà fúnra rẹ̀ kò wọnú ọjà yẹn, òun ló sì dá OSRA sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024, kí ìtọ́jú iṣẹ́ yìí má baà tún wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wo OSRA bí agboolé. ROS ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀, Gazebo, tí a fi ń dán róbọ́ọ̀tì wò nínú kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀, Open-RMF, tó ń mú kí oríṣiríṣi róbọ́ọ̀tì jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé kan, ní tirẹ̀, ros2_control náà sì ti wọlé. Àwọn tó ń kọ kóòdù ilé kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ohun tí yóò wọ inú kóòdù náà. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ wà lókè, níbi tí aṣojú àwọn tó ń sanwó àti àwọn aṣáájú ilé kọ̀ọ̀kan ti jọ ń jókòó.

Owó náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí ẹ bá tẹ apt install, àṣẹ tí a fi ń gba kóòdù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ros2_control sọ̀ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ló ti kọ́kọ́ kó kóòdù náà pọ̀, tó sì dán an wò kí ẹ tó rí i. Sáfà náà ń jẹ owó, ìfẹ́ inú àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn kò sì lè san án. Lójú tèmi, ó sàn kí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá dá owó yìí jọ ju kí ẹyọ kan máa dá a san.

Àmọ́ ẹ má sùn lọ. Linux Foundation dá irú agboolé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún dúróònù ní 2014, wọ́n pè é ní Dronecode, ArduPilot àti PX4, kóòdù méjì tó ń darí dúróònù, sì jọ wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL ti ArduPilot ní kí ẹni tó bá tún kóòdù ṣe tó sì tà á ṣí àtúnṣe náà sílẹ̀ fún àwọn tó rà á, èyí tí kò bá àwọn ilé-iṣẹ́ kan lára mu. Nígbà tí yóò fi di 2016, wọ́n ti pínyà. Àwọn tó ń kọ ArduPilot kó ẹrù wọn, kóòdù wọn bá wọn lọ, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ìbéèrè: Ṣé àwa tí a kò lè san owó ọmọ ẹgbẹ́ ní ohùn kankan níbẹ̀? *Olùkọ́, Ìlọrin.*

Ìdáhùn: Ẹ ní ohùn, sà. A kì í fi owó ra àyè nínú ìgbìmọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan; iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe léraléra ni àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń wò kí wọ́n tó pè é wọlé. Àwọn olùtọ́jú ros2_control ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló sì lè bá wọn jókòó. Bí oríkèé kan lára apá róbọ́ọ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ń gbọ̀n nígbà tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà mélòó ni kóòdù ń ka ipò oríkèé náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àṣẹ wo ló ń fún mọ́tò, kí ni mọ́tò ń ṣe. Kí wọ́n gbé e síwájú àwọn olùtọ́jú lórí GitHub, ìkànnì tí kóòdù náà wà, bí wọ́n bá sì ti rí àtúnṣe rẹ̀, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú.