Ṣé kí n da ìpele Mario kọ, àbí kí n ṣe tèmi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Agric ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù pẹ̀lú Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Mo fẹ́ràn géèmù Super Mario Bros. àtijọ́ yẹn gan-an, mo sì ti ń da ìpele (level) àkọ́kọ́ rẹ̀ kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní mò ń fi àkókò ṣòfò, pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí ni kí n ṣe. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Àbúrò, má dá a dúró. Da ìpele yẹn kọ tán, kí bíríkì kan má yẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ, kí o wá bẹ̀rẹ̀ tìrẹ.

Yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Sábó, wo ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá. Wọn kì í kọ́kọ́ gbé aṣọ oníbàárà lé e lọ́wọ́. Bébà ló máa ń gé, á tẹ́ ẹ lé bùbá tí ọ̀gá ti rán, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ ibi tí apá ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o ń ṣe náà nìyẹn, bí o bá ń ka iye bíríkì rẹ̀ bí o ṣe ń tò ó.

Ka àwọn páìpù aláwọ̀ ewé yẹn. Ti àkọ́kọ́ ga ní àpótí 2 (àpótí kan tó bíríkì kan), ìkejì 3, ìkẹta 4. Mario tó dúró sójú kan kò lè fò ju nǹkan bí àpótí 4 lọ. Kí ẹni tó ń gbá géèmù tó kọjá páìpù kẹta, ó ti mọ ibi tí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú tẹlifíṣàn tó ṣàlàyé fún un.

Ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí jù ni àwọn àtẹ̀gùn apá ìparí. Àlàfo àpótí 2 wà láàárín àtẹ̀gùn méjì àkọ́kọ́, ilẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ẹni tó bá já bọ́ á kàn tún gùn ún ni. Rìn síwájú díẹ̀, wàá bá àtẹ̀gùn méjì mìíràn, àlàfo wọn kò fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kòtò ikú ló wà níbẹ̀. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka, tí wọ́n ya ìpele wọ̀nyí fún Nintendo, ilé iṣẹ́ tó ni Mario, ní 1985, ti jẹ́ kí o fi ibi tí kò léwu dánra wò kí wọ́n tó mú ọ dé ibi tó léwu. Mo ti gbá géèmù yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí èyí. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi tò ó ni mo rí i.

Ṣùgbọ́n má gbé àdàkọ náà síta. Èrò pé ènìyàn ń fo kòtò kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwòrán Mario, orin rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ní olówó. Ní 2016, wọ́n gbé AM2R jáde, àtúnṣe tí olólùfẹ́ géèmù kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe sí Metroid II, géèmù Nintendo mìíràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Nintendo ti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tó dára ni, ó sì dùn mí.

Tìrẹ wá ńkọ́? Ní àsìkò òjò, sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté Ìpakodò láàárọ̀, wo ewéko tó ń léfòó lórí ọ̀sà. Omi odò ló ń gbé e wọlé. Ó ń dí ọ̀nà, ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ bá ti òkun gòkè wá, á kú, ọ̀nà á là. Géèmù ti wà níbẹ̀: ilẹ̀ tó ń rìn, tí iyọ̀ sì ń pa.

Àtẹ̀gùn tí o dà kọ á wúlò níbẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ inú géèmù rẹ kọ́kọ́ tẹ ewéko tó ń rì níbi tí omi ò dé orúnkún. Lẹ́yìn náà, ewéko kan náà, fífẹ̀ kan náà, lórí ibú. Nígbà kẹta, kí omi iyọ̀ máa lé e bọ̀ lẹ́yìn. Má lo òdiwọ̀n páìpù Mario o. Ẹsẹ̀ ọmọ tìrẹ ni kí o wọ̀n kí o tó to ohunkóhun.

Má sì fi ìpele àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. John Romero, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe géèmù Doom ti 1993, ṣe ìpele tó ṣí i kẹ́yìn nínú èyí tó yà fún apá kìíní, nígbà tó ti mọ ohun tí géèmù náà lè ṣe.

Tí o bá parí, gbé e fún ọmọdé kan ládùúgbò kó gbá a, kí o sì pa ẹnu mọ́. Bó bá kú lẹ́ẹ̀mẹta níbì kan náà, má kọ́ ọ. Padà lọ ka àpótí rẹ.