Ọya kì í ṣe "omi dúdú"

Àbúrò mi kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé Odò Ọya túmọ̀ sí "omi dúdú", pé aṣọ dúdú ni Ọya fà ya tó di odò, àti pé nígbà tí àwọn Òyìnbó dé, wọ́n bi àwọn bàbá wa léèrè ìtumọ̀ orúkọ náà, wọ́n yí i sí èdè Látìn, ó di Niger. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bu irọ́ là á bí ẹlẹ́mu ṣe ń bu omi là ẹmu. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó sọ ọ́ gbọ́ Yorùbá. Kí ọmọ Yorùbá máa wá ìtumọ̀ Ọya lọ sínú Látìn, ó dà bí ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó ń wá ọmọ kiri.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé Látìn kúrò nílẹ̀. Orúkọ yẹn ti wà nínú ìwé kí ará Yúróòpù kankan tó fojú kan odò wa. Ptolemy, onímọ̀ àwòrán ilẹ̀ tó gbé ní Alexandria ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, ti kọ orúkọ odò kan tó jọ ọ́ sílẹ̀. Leo Africanus, arìnrìn-àjò kan, náà pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1550, ó tilẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ló ń ṣàn lọ. Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, ló dé ìlú Ségou ní ilẹ̀ Málì ní oṣù keje 1796 tó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà oòrùn ló dorí kọ. Nínú gbogbo wọn, ta ló pàdé ọmọ Yorùbá tó bi í léèrè? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé ẹnu àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde: egerew n-igerewen, odò tó ju odò lọ. Látìn ní "niger" tó jẹ́ dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró ló pàdé ìró lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé bí ìró bá ti jọra, ìtumọ̀ ti di ọ̀kan, a jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín igba àti igbá.

Ìtàn aṣọ náà wà, mi ò sọ pé kò sí. Wọ́n ní ogun fẹ́ ká Tápà mọ́lé, Ifá ní kí wúńdíá kan fa aṣọ dúdú ya. Ọmọ ọba fà á ya, ó jù ú sílẹ̀, omi ṣàn jáde ó yí ìlú ká, ni gbogbo ènìyàn bá kígbe pé, "Ó ya!" Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n tẹ́tí sí i dáadáa: ọ̀rọ̀ wo ló di orúkọ nínú ìtàn yẹn? Aṣọ náà ì bá pupa, orúkọ odò kò ní yí padà. Ya ni kókó, dúdú kàn bá wọn débẹ̀ ni.

Èrò tèmi, tí mo ti ń gbé kiri ó ti lé ní ogún ọdún, ni pé orúkọ ló ṣáájú, ìtàn aṣọ ló tẹ̀ lé e. Ya inú Ọya kì í ṣe ya ti aṣọ rárá. Ya ti omi ni. Ẹni tó bá ti lo òjò kan ṣoṣo ní Èkó mọ̀ ọ́n: omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Tí omi bá kún dé ẹnu, tí bèbè kò gbà á mọ́, tó já wọ ibi tí kò ti lọ́nà tẹ́lẹ̀, a ní ó ya. Èrò ń ya bo ọjà, ogun ń ya wọ̀lú, ilé ń ya lulẹ̀. Agbára tí kì í tọrọ àyè ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wo bí èdè wa ṣe ń mọ orúkọ: ẹni tó ń dẹ ìgbẹ́ la pè ní ọdẹ. Kò sí àmì lórí dẹ, kò sí lórí ọdẹ. Èyí tó ń ya, òun ni Ọya. Inú ìkòkò kan náà la ti bù wọ́n. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé "yà" ni, bí ìgbà tí ọ̀nà bá yà sí méjì, nítorí pé odò náà ní ẹ̀ka púpọ̀ lẹ́nu òkun. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí àmì ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbà lọ.

Àwọn olórìṣà gan-an, ṣé aṣọ dúdú ni wọ́n fi ń ki Ọya? "Ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókè lókè" ni wọ́n ń pè é. Atẹ́gùn tó ń ya ẹ̀ka igi lókè, omi tó ń ya bèbè nílẹ̀: ìwà kan náà ni.

Ìyá tó bí ìyá mi ló gbin ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn. Àdìrẹ ló ń tà lọ sí Òkè Ọya, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ló fi ń bọ̀ wálé. Ọdún tó mú mi dání, àsìkò òjò ni, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí lọ́rì wa ṣe gun afárá Jẹ́bà, ariwo àwọn ìyá inú ọkọ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Ìyá àgbà tú kọ́bọ̀ kan ní etí aṣọ rẹ̀, ó jù ú gba ojú fèrèsé, ó ní, "Ọya, mo júbà o." Mo yọjú wo ìsàlẹ̀. Omi náà pọ́n bí omi amọ̀, ó ń hó yí òkúta ká. Tíṣà wa sì ti sọ fún wa pé omi dúdú ni. Mo ní, "Ìyá àgbà, kò dúdú o." Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí wọ́n fi owó ilé-ìwé rẹ̀ ṣòfò, ó ní, "Ta ló ní ó dúdú? Yíya ló ń ya."

Ẹ wo Òkè Ọya tí mo dárúkọ yìí náà. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kọ ọ́ nínú ìròyìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì bi mí rí pé ìpínlẹ̀ wo ni òkè náà wà, pé òun fẹ́ lọ gùn ún. Òkè kì í ṣe àpáta níbẹ̀! Òkè inú "òkè òkun" ni, apá kejì omi. Ẹni tó dúró ní bèbè tiwa tó ń wo ọ̀hún ló sọ ọ́ lórúkọ.

Òkè gidi wà nínú ọ̀rọ̀ odò yìí, àmọ́ ilẹ̀ Gínì ló wà. Àárín àwọn òkè tó wà lẹ́bàá ààlà Sàró, níbi tí wọ́n ń pè ní Tembakounda, ni Ọya ti ń sun. Ibẹ̀ sí Òkun Àtìláńtíìkì kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ. Odò mìíràn ì bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kó wọ òkun, kó sinmi. Èyí kẹ̀yìn sí òkun, ó forí lé àríwá títí ó fi dé etí aṣálẹ̀ ní Timbuktu, kó tó ṣẹ́rí padà sí gúúsù, ó gba ilẹ̀ Tápà, ó pàdé Bẹ́núé ní Lọ́kọ̀jà. Nígbà tó máa fi kan òkun, ó ti rin nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Abájọ tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ fi ṣìnà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún! Ní 1830 ni àwọn arìnrìn-àjò Òyìnbó méjì, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John, tí wọ́n gba Àgbádárìgì àti Ọ̀yọ́-Ilé wọlé, tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìlú Bussa títí dé ẹnu òkun.

Ibi tí odò náà gbà kọjá, oníkálukú ló sọ ọ́ lórúkọ. Park gbọ́ Joliba lẹ́nu àwọn Mandinka, omi ńlá. Àwọn Songhai ní Isa Ber, odò ńlá. Àwọn Igbo ní Orimili, omi ńlá náà ni. Edu ni Tápà ń pè é, Kwara sì ni ti Hausa. Nínú èyí tí mo mọ ìtumọ̀ wọn, bí ó ṣe tóbi tó ni wọ́n ń sọ. Yorùbá ló sọ ohun tó ń ṣe.

A máa ń pa á lówe pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ọmọ tó lọ sí ìlú òyìnbó tí kò padà wálé la sábà máa ń fi bá wí, kò sí ẹni tó ń rántí odò mọ́. Ọya gan-an ló mú òwe yẹn wá sí ojú ayé. Ìkún omi méjì ló ń gba Jẹ́bà kọjá lọ́dọọdún. Àkọ́kọ́ ni ti òjò itòsí, tó ń ga jù ní bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀, àwọn onímọ̀ omi ń pè é ní ìkún funfun. Òun ni mo rí lọ́jọ́ yẹn. Ìkejì ni òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè Gínì. Ó máa ń tàn kálẹ̀ sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Málì, oòrùn á fa púpọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ, ìyókù á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, á wá rọra máa bọ̀. Oṣù kọkànlá ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa, oṣù kejì ló ń ga jù, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an, nígbà tí àwọn odò kéékèèké ti gbẹ ẹ́. Òjò Gínì ló gbé e ró. Ìkún dúdú ni wọ́n ń pe èyí, wàyí o, kì í ṣe pé ó dúdú; ó mọ́ ni, o lè wo inú rẹ̀. Bóyá ibí ni ará rédíò yẹn ti ṣi "omi dúdú" rẹ̀ gbọ́.

Ìyánsàn-án tí wọ́n tún ń pe Ọya ńkọ́? Ìyá ọmọ mẹ́sàn-án ni. Ẹnì kan ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tó wà nínú àjọ tó ń bójú tó agbami odò náà ni wọ́n ń kà. Wọ́n ti ń ki Ọya bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fa ààlà orílẹ̀-èdè kankan. Wọ́n sì ní ìlú Irá ni òrìṣà Ọya ti wọlẹ̀, Irá kò sì sí létí odò náà. Ìyẹn gan-an ni mo fi ń sọ pé omi ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ náà.

Ibi tí yíya náà ti hàn jù, láàárín àwọn òkúta Bussa, níbi tí Park kú sí ní 1806, kò ṣeé wò mọ́. Wọ́n sé odò ní Kainji ní 1968, adágún sì bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Èyí kò dùn mí tó ti àwọn tí wọ́n bí sí Ìpínlẹ̀ Kwara tí wọn kò mọ̀ pé orúkọ odò ni ìpínlẹ̀ wọn ń jẹ́. Ní 1967 tí wọ́n dá a sílẹ̀, West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Odò ni wọ́n padà wá yá orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, àbúrò, tí o bá fẹ́ dá ará rédíò yẹn lóhùn, má gbàgbé bí a ṣe ń kọ ọ́: Ọya, láìsí àmì kankan lórí. Mo rí i lójú ìwé rẹ pé o kọ "odò ọ̀yà". Ẹran ìgbẹ́ nìyẹn, tí wọ́n ń yan tà lójú títì.