Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Yẹ Kó Béèrè Ìgbà Tí Rọ́bà Ìtọ̀ Máa Jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni mo sì ń bójú tó wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Òṣogbo. Láàárín oṣù mẹ́ta, a rí aláìsàn mélòó kan tí kò sí àrùn kankan nínú ìtọ̀ wọn nígbà tí wọ́n wọlé, àmọ́ tí ibà kì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí a fi rọ́bà ìtọ̀ (kátítà, rọ́bà tí ń gbé ìtọ̀ jáde láti inú àpòòtọ̀) sí wọn lára. Àwọn aláṣẹ ní kí n dá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́kọ̀ọ́. Mo kó wọn jọ fún wákàtí méjì, mo kọ́ wọn ní ọwọ́ fífọ̀, ìbọ̀wọ́ wíwọ̀ àti bí a ṣe ń ki rọ́bà bọ inú àpòòtọ̀, gbogbo wọn ló sì yege nínú ìdánwò tí mo fún wọn. Síbẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Kí ni mo fi sílẹ̀? — Mátírọ̀nì, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Mátírọ̀nì wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfọkànsìn. Ohun tí ẹ kọ́ wọn kò burú, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni, kì í sì í ṣe ìdajì tó tóbi jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́ ni a máa ń lo gbogbo agbára wa lórí bí rọ́bà ṣe ń wọlé, tí a kì í sì í sọ ju gbólóhùn kan lọ nípa ìgbà tó yẹ kó jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye ọjọ́ tí rọ́bà bá lò lára ni ewu ń tẹ̀ lé. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí rọ́bà bá fi wà nínú àpòòtọ̀, ó tó ènìyàn 3 sí 7 nínú 100 tí kòkòrò máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìtọ̀ wọn. Nígbà tí ó bá fi máa pé oṣù kan, agbára káká ni a fi máa rí ẹni tí kòkòrò kò tíì sí nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni kòkòrò ń gbà wọlé. Ó ń gba ẹ̀yìn rọ́bà, láti ara awọ tó yí ojú ihò ìtọ̀ ká. Ó sì ń gba inú rọ́bà, láti ibi tí ẹnìkan ti tú rọ́bà kúrò lára báàgì tí ìtọ̀ ń dà sí tàbí láti ẹnu ibi tí a ti ń da ìtọ̀ nù. Tí ó bá ti débẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà, yóò sì fi ohun yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí inú àmù ṣe máa ń yọ̀ tí a kò bá fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Oògùn kì í ráyè dé abẹ́ ohun yíyọ̀ yìí dáadáa. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní lọ́jọ́ Ajé kò fi lè gba aláìsàn lọ́wọ́ rọ́bà tí wọ́n gbàgbé sí i lára títí di ọjọ́ Ajé kejì.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ wọn ni ìbéèrè kan tí wọn yóò máa bi ara wọn láàárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ bá ń fi iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́: kí ni rọ́bà yìí ń ṣe lára bàbá yìí lónìí? Àwọn ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò pọ̀: pé ìtọ̀ há a, pé àìsàn rẹ̀ le débi pé a gbọ́dọ̀ mọ iye ìtọ̀ rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, pé irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un béèrè rẹ̀, pé egbò wà ní ìdí ẹni tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, tàbí pé ikú ti sún mọ́ aláìsàn, a sì fẹ́ kí ara tù ú. Pé màmá àgbà ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà lórí iṣẹ́ kò sí lára wọn. Pámpà wà, póò wà. Tí dókítà bá sì fẹ́ mọ iye tí ó tọ̀, ẹ wọn pámpà náà kí ẹ tó fi sí i àti lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ ọ, nítorí gíráàmù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílílítà kan. (Ó yẹ kí n fi kún un pé àwọn ará ilé aláìsàn, tí owó rọ́bà àti báàgì ti ọwọ́ wọn jáde, máa ń rò pé a fi wọ́n ṣòfò bí a bá yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé fún wọn láìjà.)

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ́ nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè yìí, tí kò sì ní àṣẹ láti yọ rọ́bà, a jẹ́ pé ẹ kọ́ ọ ní ìlù, ẹ kò fún un ní kọ̀ǹgọ́. Ẹ lọ bá àwọn dókítà yín kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan tí yóò sọ àwọn ipò tí nọ́ọ̀sì fi lè yọ rọ́bà fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ìwé ojú kan yìí yóò ṣiṣẹ́ ju wákàtí méjì yín lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ní ti ọwọ́ fúnra rẹ̀, ìdánwò orí ìwé kò lè fi í hàn. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú ère ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ kò bá ní, ẹ yá a ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó bá sún mọ́ yín. Kí ẹ̀yin dúró, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ máa wo ibi tí ìbọ̀wọ́ ti kan aṣọ. Ẹ wò bóyá rọ́bà tó kéré jù lọ tó lè gbé ìtọ̀ jáde ni ó mú, bóyá ó so ó mọ́ itan lẹ́yìn tí ó wọlé, àti ohun tí ó ṣe nígbà tí rọ́bà ṣì ọ̀nà wọ ojú ara obìnrin. Nọ́ọ̀sì tí kò tíì gbó níṣẹ́ yóò fa á yọ, yóò sì fẹ́ ki ọ̀kan náà bọ ihò ìtọ̀. Èyí tó gbọ́n yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè fi mọ ojú ibi tí kò yẹ kó gbà mọ́, yóò sì ṣí òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò wá kan àwọn tí ẹ kò pè sí kíláàsì. Mo dúró lọ́jọ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ń ti ọkùnrin kan lọ fún àwòrán x-ray, báàgì ìtọ̀ rẹ̀ tó ti kún dẹ́nu sì wà lórí ikùn rẹ̀ bí ẹrù ọjà. Gbogbo ohun tó wà nínú báàgì náà ló ń padà sínú àpòòtọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ti bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ọ rí. Ẹ kọ́ àwọn wọ̀nyí, àti ìyàwó tàbí ọmọ tó ń ṣètọ́jú aláìsàn, pé báàgì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àpòòtọ̀ lọ, kí ó má sì kan ilẹ̀. Kí wọ́n dà á nù kí ó tó kún, kí ife tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ aláìsàn kan má sì dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ lè yọ kúrò nínú ẹ̀kọ́ yín kí àyè lè gba ìyókù. Ìlànà tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2009 kò fara mọ́ kí a máa fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò nítorí pé rọ́bà wà lára rẹ̀ nìkan, tàbí kí a máa fọ inú àpòòtọ̀ láìnídìí, tàbí kí a máa pààrọ̀ rọ́bà nítorí pé ọjọ́ kan pàtó pé. Ọṣẹ àti omi tó fún ojú ibi tí rọ́bà ti wọlé.

Ẹ máa kà. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye aláìsàn tí rọ́bà wà lára wọn sílẹ̀, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní òpin oṣù. Aláìsàn kan tó lo rọ́bà fún ọjọ́ kan ni a kà sí ọjọ́ kan. Bí àpẹẹrẹ, tí àròpọ̀ náà bá jẹ́ ọjọ́ 320, tí àkóràn mẹ́rin sì wáyé, ẹ pín 4 sí 320, ẹ fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀: 12.5 nínú ẹgbẹ̀rún ọjọ́ nìyẹn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri wọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè: Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 74. Púrósítéètì ni kò jẹ́ kí wọ́n lè tọ̀, rọ́bà sì wà lára wọn nílé bí a ṣe ń retí iṣẹ́ abẹ. Láti ìjẹta ni ìtọ̀ wọn ti ń rùn díẹ̀, àmọ́ ara wọn kò gbóná, wọ́n sì ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ní àtọ̀sí ni, ó ti ra kápúsù wá láti Ọjà Ọba. Ilé ìwòsàn kò ṣàlàyé ohunkóhun fún wa nígbà tí a ń lọ sílé. Ṣé kí n fún wọn? — Ọmọ bàbá, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ìdáhùn: Ẹ má fún wọn. Àtọ̀sí gan-an ni àrùn tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀; kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti kan ìtọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì bá wa gba bàbá lọ́wọ́ ẹ̀sùn yẹn. Ìtọ̀ tó ń rùn tàbí tó ṣú díẹ̀ kò tó láti fi sọ pé àkóràn ti wọlé tí ara kò bá fi àmì kankan hàn, kápúsù tí ẹ bá sì fún wọn láìnídìí yóò kàn kọ́ àwọn kòkòrò ibẹ̀ bí wọn kò ṣe ní gbọ́ oògùn mọ́ nígbà tí a bá nílò rẹ̀ gan-an. Ẹ wò bóyá rọ́bà ká, kí ẹ sì fún wọn lómi mu dáadáa, àyàfi tí dókítà bá ti dín omi wọn kù. Ṣùgbọ́n tí ara wọn bá gbóná tàbí tí òtútù ń gbọ̀n wọ́n, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn wọ́n, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, tàbí tí ìtọ̀ kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Tí rọ́bà náà bá ti lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìtọ̀ tí wọn yóò yẹ̀ wò láti ara tuntun, kì í ṣe láti inú báàgì.

Mátírọ̀nì Òkè-Baálẹ̀ á jọ̀ọ́ ka ìwé yìí pẹ̀lú, nítorí ohun tí wọn kò sọ fún ọmọ bàbá yìí yẹ kó wà lára ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé a gbọ́dọ̀ máa dí rọ́bà, kí a máa tú u, kí àpòòtọ̀ lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà kí a tó yọ ọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Rárá, fún rọ́bà tó lo ọjọ́ díẹ̀, kò wúlò. Fa omi inú bàlúùnù rẹ̀ (èyí tí kì í jẹ́ kí ó yọ bọ́ láti inú àpòòtọ̀) tán, yọ ọ́, kí o sì kọ aago tí aláìsàn kọ́kọ́ tọ̀ fúnra rẹ̀ sílẹ̀.